"Ó rẹ̀ mí" yàtọ̀ sí "ó sú mi": ọ̀rọ̀ àwa tá à ń fi bàálù ná Èkó sí Abuja

Ìyá àgbàlagbà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà bàálù l'Ábújá, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní "Captain, ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o, àmọ́ wákàtí kan péré la lò, kí ló wá rẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ tójú ẹ fi pọ́n báyìí?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní "Kò sí nǹkan kan mà, AC ni." Irọ́ ni mo pa fún màmá, oorun ni.

Ìbéèrè ẹ̀ ò sì burú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé àwọn tó ń gbé bàálù lọ sí Atlanta ló ń jìyà, pé eré là ń ṣe ní tiwa. Àwọn ará Atlanta yẹn, awakọ̀ tó ju méjì lọ ni wọ́n máa ń kó dání, wọ́n sì níbi tí wọ́n ti ń sùn ní àsùnpín, wọ́n á gbéra lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹ jẹ́ ká wá ka ọjọ́ kan tèmi. Aago mẹ́ta òru ni mo jí torí Ìkòròdú ni mò ń gbé, flight àkọ́kọ́ jẹ́ aago méje kù díẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ ti débẹ̀ tipẹ́ kí n wo ojú ọjọ́, kí n ṣírò epo, ká yẹ bàálù wò yípo. Èkó sí Abuja, Abuja sí Èkó, Èkó sí Port Harcourt, Port Harcourt sí Èkó. Bẹ́ ẹ bá ro gbogbo àsìkò tá a lò lókè pọ̀, kò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lọ. Àmọ́ tó bá di December tí ọyẹ́ dé, tí eruku bo gbogbo ibi tí èèyàn ò rí iwájú mọ́, wọ́n á ní ká dúró, wákàtí kan á di mẹ́ta, o ò lè sùn dáadáa torí ìgbàkígbà ni wọ́n lè ní ó yá, kí n tó padà délé, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù. Ìgbéra mẹ́rin, ìbalẹ̀ mẹ́rin, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wa sì ti le jù. Tá a bá ti dókè, ìyẹn rọrùn.

Ọ̀rọ̀ méjì la ní lédè wa tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu gẹ́lẹ́, "ó rẹ̀ mí" àti "ó sú mi", àwọn èèyàn kàn máa ń pa á pọ̀ ni. Ẹni tó ti rẹ̀, tó o bá tún gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, o ń pa á ni, oorun nìkan ni oògùn ẹ̀. Ẹni tí nǹkan sú, tó o bá ní kó fẹ̀yìn tì kó sinmi, ńṣe ló máa tòògbé mọ́ ẹ lọ́wọ́, iṣẹ́ ló yẹ kó o wá fún un. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bákan náà làwọn méjèèjì ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ènìyàn á máa yán, ojú á máa wúwo, wàá sì lo oògùn ọ̀kan fún ìkejì.

Ní 1948 òyìnbó kan tó ń jẹ́ Norman Mackworth tẹ ìwé jáde lórí iṣẹ́ tó ṣe torí àwọn ológun òfúrufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wo radar. Ó gbé nǹkan kan bí aago kalẹ̀ níwájú àwọn èèyàn, abẹ́rẹ́ ẹ̀ ń fò díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń fò ní ìlọ́po méjì, kí wọ́n ṣáà sọ tí wọ́n bá rí i niṣẹ́ tiwọn. Ìdajì wákàtí ò tíì kọjá dáadáa tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ẹ̀. Wọn ò gbé àpò sìmẹ́ǹtì o, wọ́n kàn jókòó ni, ó ti sú wọn.

Tèmi ṣẹlẹ̀ ní flight kẹrin lọ́jọ́ kan, à ń balẹ̀ sí Èkó, ilẹ̀ ti ń ṣú. Igbákejì mi ń ka checklist ìbalẹ̀, ìyẹn ìwé ohun tá a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò ká tó balẹ̀, ọmọ kékeré ni, kò tíì ju mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ó ní "Flaps?", ìyẹn apá tá a máa ń nà jáde lẹ́yìn ìyẹ́ bàálù kó lè rọra balẹ̀. Ẹnu mi dáhùn, "Thirty, green light," kí ojú mi tó débẹ̀. Mo ti dáhùn ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì jẹ́ òótọ́. Ọmọ náà ò wí nǹkan kan, ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó wá ní "Captain, ẹ dákun, ẹ bá mi wo flaps." Mo wò ó, lórí 15 ló wà, kò tíì dé 30 tí mo pè. Lóòótọ́ ẹ̀rọ á ti pariwo fún wa tó bá yá, àmọ́ ìkọ́ tó wú yẹn ló dùn mí jù, torí ìbẹ̀rù àgbà ló fi ń wú u. Látọjọ́ yẹn, kí n tó bá ẹnikẹ́ni gbéra láàárọ̀, màá sọ fún un pé tí mo bá ṣì í, kó là á mọ́ mi lójú, kó má wúkọ́.

Nǹkan tí mò ń ṣe fún èyí tó sú ni rèé. Mo máa ń nawọ́ sí nǹkan náà, màá fi ìka kàn án, kí n tó dáhùn, bíi ti ọmọ jẹ́léósinmi, ojú ò tì mí. Ẹni tó wa àlọ kì í wa àbọ̀, a máa ń pín in. Eré kan sì wà tá a máa ń ṣe lókè, màá ṣàdédé bi í pé "Tí ẹ́ńjìnnì ọ̀tún bá kú nísinsìnyí, ibo là ń lọ?" Ìlọrin ni? Àkúrẹ́ ni? Àbí ká kúkú padà s'Ékòó? Ojú ọjọ́ ibẹ̀ ńkọ́, ṣé wọn ò tíì ti pápá ọkọ̀ ibẹ̀ nítorí ilẹ̀ tó ṣú? Ọpọlọ á jí. Gíìsì náà ń ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ tá a bá ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10,000, a máa ń panu mọ́ àfi ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ohun tí mi ò gbà ni fóònù. Ní 2009 àwọn awakọ̀ iléeṣẹ́ bàálù Northwest kan l'Amẹ́ríkà kó sórí laptop, wọ́n kọjá Minneapolis tí wọ́n ń lọ ní nǹkan bíi máìlì 150.

Èyí tó rẹ̀ ńkọ́? Níbẹ̀ kò sí eré kankan tó ràn án. Ní January 2024, bàálù Batik Air kan ń bọ̀ láti Kendari sí Jakarta ní Indonesia, èrò 153 wà lẹ́yìn, captain ní kóun sinmi díẹ̀, igbákejì ní ó dáa, igbákejì náà wá sùn lọ. Ìṣẹ́jú 28 làwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ ò fi gbúròó wọn. Ìyàwó igbákejì yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì ni, ọmọ oṣù kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ Táyé àti Kẹ́hìndé rí, mi ò ní láti ṣàlàyé.

Ẹ má sì rò pé òru nìkan ló ń ṣẹlẹ̀. Honolulu sí Hilo ní Hawaii ò tó wákàtí kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi tiwa. Ní February 2008, òwúrọ̀ ni, àwọn awakọ̀ méjèèjì tó ń gbé bàálù kan lọ síbẹ̀ sùn, wọ́n kọjá Hilo lọ sórí òkun kí wọ́n tó ta jí tí wọ́n padà. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ń jí ní kùtùkùtù léraléra nìyẹn. Wọ́n tún wá rí i lára captain lẹ́yìn náà pé ó ní àìsàn tí èémí fi ń dúró lójú oorun, òun náà ò mọ̀. Nítorí náà ẹ̀yin ọkùnrin, tí ìyàwó yín bá ní ẹ máa ń hanrun tí ẹ̀ ń dákẹ́ láàárín ẹ̀ bí ẹni tí kò mí mọ́, ẹ má bá a jà, ẹ lọ rí dókítà.

Láàárín aago méjì sí mẹ́fà ìdájí ni ara èèyàn ń rẹlẹ̀ jù, àsìkò yẹn gan-an ni èmi ń wakọ̀ kọjá Mile 12. Kí n lọ sùn láago méje alẹ́ náà ò sì rọrùn, ojú ò ní gbà. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún mi ni kí n ti sùn díẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, kí yàrá ṣókùnkùn, kí fóònù wà ní pálọ̀. Tí ọyẹ́ bá dá wa dúró, mo máa ń mu kọfí, màá sùn lẹ́yìn ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú lórí àga, torí kọfí máa ń lò tó ìdajì wákàtí kó tó wọra, bó ṣe ń wọra ni mò ń jí. Kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ o, tó bá fi di wákàtí kan, bí ẹni tí wọ́n gbá lórí ni wàá ṣe jí. Lókè ńkọ́? Lọ́nà Abuja, tá a bá ti dókè tán, a ò ju nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ibo lèèyàn fẹ́ ti rí àyè sùn, kó tún jí, kí ojú ẹ̀ dá? Ẹ̀bà ọ̀sán náà, mo ti jáwọ́. Ká ṣí AC sójú, ká máa lá swíìtì, ká fi fújì sí i tó bá jẹ́ mọ́tò, ìṣẹ́jú díẹ̀ nìyẹn ń tan èèyàn jẹ, oorun á padà wá.

Ohun tó kù ni ká lè sọ pé rárá. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ìdádúró ńlá kan, wọ́n ní ká fi flight kan kún mẹ́rin tá a ti ṣe, mo ní mi ò lọ, pé ojú mi ò dá mọ́. Ọ̀gá tó ń bójú tó rọ́sítà bínú, ó gé fóònù mọ́ mi létí. Wọ́n lọ pe captain mìíràn nílé, ó lo wákàtí méjì kó tó dé. Èmi ti wọ mọ́tò ní tèmi. Òun ló wá sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé bóun ṣe ń gba àárín èrò kọjá, ńṣe ni wọ́n ń bú òun, ẹnì kan ní "Ibo lo ti lọ sùn látàárọ̀?" Ilé ló ti sùn lóòótọ́, ó sì sùn dáadáa.