Oríkèé Àgbọ̀n: Kí Ló Ń Dún "Kà" Níwájú Etí?

Ẹ fi ìka kan iwájú etí yín méjèèjì, kí ẹ wá rọra la ẹnu. Ohun tó ń rìn lábẹ́ ìka yẹn ni orí eegun àgbọ̀n. Ibi tó ti pàdé eegun agbárí là ń pè ní oríkèé àgbọ̀n. (Àgbọ̀n tí irùngbọ̀n ń hù sí ni o, kì í ṣe àgbọn Àgbádárìgì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èkejì máa ń fìyà jẹ èkínní.)

Igbọ̀nwọ́ ń ṣí bí ilẹ̀kùn. Ti àgbọ̀n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, yíyí ni orí eegun náà ń yí nínú kòtò rẹ̀. Bí ẹnu bá ti là tó nǹkan bíi mìlímítà 20 sí 25, ó máa ń yọ́ jáde síwájú, á gun gegele kékeré kan. Tìmùtìmù pẹlẹbẹ kan wà láàárín eegun méjèèjì, ó ń bá a lọ, ó ń bá a bọ̀, kí eegun má bàa ha eegun. Tọ̀tún tòsì ló gbọ́dọ̀ jọ rìn. Bí ọ̀kan bá há, àgbọ̀n á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó há.

Ìró "kà" náà ńkọ́? Tìmùtìmù yẹn ló yẹ̀ síwájú. Bí ẹ ṣe ń la ẹnu, orí eegun á fò padà sórí rẹ̀, òun ló dún. Bí kò bá dunni, kì í sábà la ìtọ́jú lọ. Ẹni tó ń payín keke lójú oorun, tàbí tó ń fi eyín ya àgbọn gbígbẹ kúrò lára èèpo, ló ń ni oríkèé náà lára. Ṣùgbọ́n bí ìró tó ti pẹ́ bá ṣàdéédé dákẹ́, tí ẹnu kò sì là dáadáa mọ́, tìmùtìmù ti há síwájú nìyẹn. Ẹnu àgbàlagbà sábà máa ń gba ìka mẹ́ta tí a tò léra wọn. Bí méjì bá ń fún un, ẹ lọ rí dókítà eyín.

Ẹlòmíràn á yán tán, ẹnu ò ní pa dé mọ́. Orí eegun ti ré kọjá gegele yẹn, iṣan tó ń pa ẹnu dé sì ti dì í mú síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí títi àgbọ̀n sókè kò fi ràn án: ìsàlẹ̀ ló ní láti kọ́kọ́ gbà kó tó padà sẹ́yìn. Olùtọ́jú á wé gọ́ọ̀sì mọ́ àtàǹpàkò méjèèjì, á gbé wọn lé eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á wá tì í sẹ́yìn. Gọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: bí àgbọ̀n bá wọlé, eyín á pa dé wàì. Ẹ má dán an wò nílé. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni kí ẹni náà máa jẹ fúngbà díẹ̀, kó sì máa fọwọ́ ti àgbọ̀n lábẹ́ bó bá fẹ́ yán.