Láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà dókítà: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa ọkọ̀ alága onítáyà ní Amẹ́ríkà

Ní ọdún tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi nílùú Houston, mo rò pé ọkọ̀ nìkan ni ìṣòro wa. Mo wá ọkọ̀, mo rí i, mo sanwó. Dírẹ́bà gbé bàbá dé ọsibítù lásìkò, ó sọ wọ́n kalẹ̀ níwájú géètì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Yàrá dókítà wà ní àjà kẹfà. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá kò ṣiṣẹ́, wọn ò lè ti táyà fúnra wọn, ọ̀rọ̀ ò sì tíì já gaara lẹ́nu wọn. Wákàtí kan ààbọ̀ ni wọ́n fi jókòó nísàlẹ̀, nígbà tí àwọn tó wà lókè kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìsàn ò wá. Ibi iṣẹ́ ni èmi wà. Nígbà tí mo fi ìbínú pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà, obìnrin tó gbé fóònù fi ohùn pẹ̀lẹ́ ka ohun tí mo fọwọ́ sí fún mi: ẹ̀bá títì sí ẹ̀bá títì ni mo sanwó fún.

Láti ìgbà náà làwọn èèyàn ti ń bi mí ní ìbéèrè, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìsọmọlórúkọ, lórí WhatsApp. Èyí tó ń wáyé jù nínú wọn ni mo kọ síbí. Àga onítáyà ni mo máa ń pe wheelchair, ọkọ̀ tó sì ń gbé àga náà pẹ̀lú ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ ni mo pè ní ọkọ̀ alága. Mo mọ̀ pé “kẹ̀kẹ́ arọ” wà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n bàbá mi ò fẹ́ orúkọ yẹn, mo sì gbà pẹ̀lú wọn.

Ìbéèrè: Ìyá mi fẹ́ rí dókítà ojú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ wọn ò sì gbé wọn mọ́. Ṣé mi ò lè pe áńbúláǹsì?

Ìdáhùn: Ẹ lè pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa san owó rẹ̀, owó náà á sì dùn yín. Áńbúláǹsì wà fún ẹni tí ọkọ̀ mìíràn lè ṣe ní jàǹbá. Bí ìyá bá lè jókòó sórí àga láìséwu, Medicare, ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lò, ò ní dá sí owó áńbúláǹsì. Bọ́ọ̀sì kékeré tó ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tàbí ẹ̀rọ tó ń gbé àga sókè ni kí ẹ wá. Orí àga wọn ni ìyá á jókòó sí wọlé, wọ́n á sì de àga náà mọ́lẹ̀. Bí wọn ò bá lè jókòó rárá, ọkọ̀ oníbùsùn lẹ máa béèrè. Ẹ tètè sọ ọ́ lórí fóònù, torí pé ọkọ̀ alága tó bá dé tó bá wọn lórí ìdùbúlẹ̀, ṣe ló máa yí padà.

Ìbéèrè: Ta ló ń sanwó gan-an? Ẹ̀gbọ́n mi ní ìjọba ló ń san án, àwọn kan ní irọ́ ni.

Ìdáhùn: Káàdì tó wà lọ́wọ́ yín ló máa sọ. Medicaid àti Medicare jọra lẹ́nu, ohun tó ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú nìyẹn. Medicaid, ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba tó wà fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀, ní ojúṣe láti mú aláìsàn tí kò ní ọ̀nà mìíràn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ní December 2020 ni wọ́n kọ ojúṣe yìí sínú òfin Medicaid fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló gbé e fún ilé iṣẹ́ alágbàtà: ẹ pe alágbàtà, òun ló máa bá yín wá ọkọ̀. Ẹ má dúró di àná ọjọ́ náà kí ẹ tó pè, kí ẹ sì gba nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ìrìnàjò yín sílẹ̀. Bí ọkọ̀ ò bá dé, nọ́ńbà yẹn ni ẹ̀rí yín.

Medicare ti ìjọba fúnra rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wọ̀ tí wọ́n bá pé ọdún 65, kì í sanwó ọkọ̀ alága. Àwọn ètò Medicare Advantage kan, tí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì aládàáni ń bójú tó, máa ń fi ìrìnàjò mélòó kan kún un lọ́dún. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ó kan ọkọ̀ tó ń gbé àga, torí pé táksì lásán ni wọ́n lè ní lọ́kàn.

Ibi tó ti kan àwọn òbí wa rèé o. Òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba green card sábà máa ń dúró fún ọdún 5 kí Medicaid tó gbà á wọlé. Ẹni tó fi físà wá kí ọmọ ò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀. Bí owó ọkọ̀ ṣe ń já lé ọmọ lórí nìyẹn.

Ìbéèrè: Màmá wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun, wọ́n ṣubú ní bálùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn ṣẹ́. Físà ni wọ́n fi wọlé. Ṣé kò sí ìrànlọ́wọ́ kankan?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á fún màmá ní àlàáfíà. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ rí. Òfin àwọn aláìlera tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1990, tí wọ́n ń pè ní ADA, pàṣẹ pé ìlú tó bá ní bọ́ọ̀sì èrò tó ń ná ojú ọ̀nà kan náà gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ fún àwọn tí àìlera ò jẹ́ kí wọ́n lè wọ bọ́ọ̀sì náà. Paratransit lorúkọ rẹ̀. Ní Houston, METROLift ni wọ́n ń pè é. Ní New York, Access-A-Ride. Ní agbègbè Washington, MetroAccess. Owó rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì owó bọ́ọ̀sì lọ, ẹni tó bá sì tẹ̀lé aláìlera láti ṣètọ́jú rẹ̀ kì í san nǹkan kan.

Àlejò náà ní ẹ̀tọ́ sí i. Ọjọ́ 21 láàárín ọjọ́ 365 ni òfin fún ẹni tí kì í gbé ìlú náà. Wọ́n lè béèrè ẹ̀rí ibi tó ti wá, àti ìwé dókítà bí àìlera náà ò bá hàn sójú. Kò pọn dandan kí ọjọ́ 21 yẹn tẹ̀lé ara wọn. Bí màmá bá ń lọ ṣe eré ìmárale fún ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ 7.

Ẹni tó ń gbé ìlú náà ní tirẹ̀ á kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù. Bí ọjọ́ 21 bá kọjá tí wọn ò tíì fún un lésì, wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbé e títí wọn á fi dáhùn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ síbi tí ẹ ò ti ní gbàgbé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé wa ti ń kọsẹ̀ ni jíjìnnà. Ibi tí kò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin máìlì lọ sí ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì nìkan ni òfin fi dandan lé pé kí ọkọ̀ náà dé. Àwa sì fẹ́ràn ilé tó tóbi, tó ní àgbàlá, lẹ́yìn ìlú, níbi tí bọ́ọ̀sì kankan ò dé. Bí ilé yín bá wà níbẹ̀, àfi ọkọ̀ àdáni.

Ìbéèrè: Ó dáa, mo gbà láti sanwó ọkọ̀ àdáni. Kí ni kí n bi wọ́n lórí fóònù?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì béèrè iye owó. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni pé: níbo ni ọwọ́ dírẹ́bà yín máa ń dé?

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀bá títì sí ẹ̀bá títì, wọ́n á pè é ní curb-to-curb: dírẹ́bà ò ní kọjá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ìkejì ni door-to-door: á wá sí ẹnu ọ̀nà ilé, á sì ti àga dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, ibẹ̀ ló ti ń padà. Ìkẹta, door-through-door, ni dírẹ́bà ti ń wọ inú ilé, tó ń bá aláìsàn wọ ẹ́lífétọ̀, tó sì ń fà á lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Owó wọn ò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó kí ẹ fi ọkàn rin ọ̀nà náà fúnra yín, láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ta ló máa gbé bàbá kúrò lórí ibùsùn sórí àga? Ta ló máa gbé àga kọjá níbi àtẹ̀gùn tó wà níwájú ilé? Ta ló máa tẹ bọ́tìnì ẹ́lífétọ̀? Ta ló máa sọ orúkọ wọn fún ẹni tó ń gba àlejò? Ibi tí ẹ bá ti dé tí ẹ ò rí orúkọ ẹnì kan fi dáhùn, ibẹ̀ ni ìrìnàjò náà máa ti bàjẹ́. Ní tiwa, láàárín géètì àti ẹ́lífétọ̀ ni, ibi tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Ẹ sọ òtítọ́ nípa àtẹ̀gùn ilé yín. Àtẹ̀gùn méjì pàápàá ṣe pàtàkì: ilé iṣẹ́ mìíràn á ní kí èèyàn méjì wá, àwọn mìíràn ò ní gbà á rárá. Mo mọ ìdílé kan tó ní “kò sí àtẹ̀gùn” torí wọ́n rò pé ẹyọ kan ò tó nǹkan. Dírẹ́bà dé, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì padà, wọ́n sì san owó ọjọ́ náà.

Ẹ sọ bí aláìsàn ṣe wúwo tó pẹ̀lú àga rẹ̀. Àga oníná lè wúwo ju 300 pọ́n-ùn lọ kí èèyàn tó jókòó sí i, ẹ̀rọ agbéga kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n tó lè gbé. Ẹ sọ bóyá ó ń lo ọ́síjìn. Ẹ bi wọ́n bóyá ìnṣọ́ránsì wọn jẹ́ ti ọkọ̀ tó ń fi owó gbé èrò, kì í ṣe ti mọ́tò ilé. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ ò ní bínú pé ẹ béèrè.

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò owó náà? Iye tí wọ́n sọ fún mi kọ́ ni mo san.

Ìdáhùn: Owó wíwọkọ̀ wà, owó máìlì wà, owó ìdúró wà. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ìrìnàjò méjì, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni owó wíwọkọ̀. Àwọn kan ń ka máìlì láti ibi tí ọkọ̀ wọn ti gbéra, kì í ṣe láti ilé yín. Alẹ́, òpin ọ̀sẹ̀, àga tí wọ́n bá yá yín àti ẹni kejì tó bá wá ran dírẹ́bà lọ́wọ́ tún ní owó tiwọn. Ẹ ní kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lórí í-mèèlì, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń gbà bí dókítà bá fagi lé ọjọ́ náà.

Ìbéèrè: Nínú ọkọ̀ ńkọ́? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n dè wọ́n dáadáa?

Ìdáhùn: Ẹ ka bẹ́líìtì. Mẹ́rin ló ń mú àga, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, egungun àga ni wọ́n sì máa ń kọ́ ọ mọ́, kì í ṣe táyà tàbí ibi tí a ń gbé ọwọ́ lé. Lẹ́yìn ìyẹn ni bẹ́líìtì ti èèyàn fúnra rẹ̀, tó gba orí itan àti èjìká kọjá. Bẹ́líìtì tó ti wà lára àga látilẹ̀ ò sábà tó dá èèyàn dúró bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan. Iwájú ni kí àga kọjú sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Bí dírẹ́bà bá ní bíréèkì àga ti tó, ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra. Ojú máa ń tì wá láti pàṣẹ fún ẹni tó wá ràn wá lọ́wọ́, mo mọ̀. Ẹ ṣáà sọ ọ́.

Ìbéèrè: Ìgbà gbogbo ni àbọ̀ máa ń bàjẹ́. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí dókítà máa ṣe tán. Bí ẹ bá dá aago fún àbọ̀, ọkọ̀ lè dé kí wọ́n tó pe ìyá wọlé. Bí ẹ bá ní ẹ máa pè tí ẹ bá ṣe tán, ẹ lè dúró pẹ́ gan-an, torí ọkọ̀ náà ti gbé ẹlòmíràn. Èyí tí mo fara mọ́ ni pé kí ẹ pè nígbà tí nọ́ọ̀sì bá bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé ìjáde. Ẹni tó ń lọ fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ torí kíndìnrín yàtọ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni púpọ̀ wọn ń lọ, bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ kan náà, aago kan náà. Irú wọn gbọ́dọ̀ béèrè àdéhùn tó dúró pa, kí dírẹ́bà kan náà lè mọ̀ wọ́n. Ó máa ń rẹ̀ wọ́n gan-an lẹ́yìn ẹ̀rọ, kò dáa kí wọ́n tún máa ṣàlàyé ara wọn fún àjèjì.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí n tẹ̀lé wọn? Mi ò lè gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìdáhùn: Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa fún wọn lóògùn oorun, bíi fún iṣẹ́ abẹ ojú tàbí yíyẹ ìfun wò, bẹ́ẹ̀ ni. Ọsibítù máa béèrè àgbàlagbà tó máa bá wọn lọlé, wọn kì í sì í ka dírẹ́bà mọ́ ọn. Wọ́n lè fagi lé iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn, ìwé lè dúró fún yín. Èyí tí mo kọ fún bàbá mi wà nínú ọ̀rá, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn àga wọn: orúkọ wọn, orúkọ dókítà, àjà kẹfà àti nọ́ńbà yàrá, nọ́ńbà fóònù mi, àti pé wọ́n gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, ẹ kàn ní sùúrù kí wọ́n dáhùn. Ẹni tí ń tún ilẹ̀ ṣe ló kọ́kọ́ kà á. Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sì tì wọ́n wọ ẹ́lífétọ̀.