Wọ́n dé òṣùpá tán, wọ́n wá já lulẹ̀: ṣé irọ́ ni ti 1969?

Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ kan bá já lulẹ̀ lójú òṣùpá ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń jáde: "Ẹ ò wá rí i pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa? Lọ́dún 1969, nígbà tí kọ̀ǹpútà ò tíì gbọ́n tó fóònù inú àpò yín, Amẹ́ríkà láwọn gbé èèyàn dé òṣùpá, wọ́n sì padà wálé láyọ̀. Lónìí tí ẹ̀rọ ti gbọ́n tán, Íńdíà já lulẹ̀, Japan já lulẹ̀, Rọ́ṣíà já lulẹ̀. Ẹni tó rin 384,000 kìlómítà láìṣubú, ṣé kìlómítà márùn-ún tó kù ló máa pa á?"

Bẹ́ẹ̀ ni o, òun gan-an ló ń pa wọ́n.

Èrò tó wà nídìí ìbéèrè yẹn ni pé ìrìn àjò ni iṣẹ́, pé téèyàn bá ti rìn dé, bíbalẹ̀ ò ju kéèyàn ti ilẹ̀kùn wọlé lọ. Ṣùgbọ́n láàárín ayé àti òṣùpá, kò sí nǹkan kan lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ máa kọlù. Wọ́n á ta á sọ́nà, á máa lọ fúnra rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á sì wà ní pípa fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìrìn náà. Tó bá yà díẹ̀, àyè wà láti darí rẹ̀ padà. Ìgbà tó bá fẹ́ balẹ̀ ni wàhálà dé. Ó ń yí òṣùpá po ní nǹkan bíi 6,000 kìlómítà ní wákàtí kan, ó sì gbọ́dọ̀ pa eré yẹn kú pátápátá láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kí epo tó tán, lórí ilẹ̀ tí kò tẹ̀ rí.

Nítorí pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, ọkọ̀ ọ̀tọ̀ ló sábà máa ń ṣe é. Ọkọ̀ Columbia tó gbé àwọn Apollo 11, ìyẹn àwọn ti 1969 yẹn, débẹ̀ kò balẹ̀ rárá. Michael Collins wà nínú rẹ̀ lókè, ó ń yí po. Eagle ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló gbé Neil Armstrong àti Buzz Aldrin sọ̀kalẹ̀. Àwọn ológun ti mọ èyí tipẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ ńlá tó gbé sójà la òkun kọjá kì í dé etíkun, torí omi ibẹ̀ kò jìn tó. Àwọ̀n ni àwọn sójà ń dì mú sọ̀kalẹ̀ láti ara rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ pákó kékeré kan, èyí tí Andrew Higgins yà ní New Orleans. Kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 36 lọ, ó ń gbé nǹkan bí èèyàn 36, iwájú rẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀kùn tó ń wó kalẹ̀ bí afárá kí wọ́n lè sáré jáde.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn ìjàǹbá yìí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tó yà mí lẹ́nu ni iye ọkọ̀ tó ṣubú torí pé kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà.

Ẹ wo Hakuto-R ti ilé iṣẹ́ ispace ní Japan, oṣù Kẹrin ọdún 2023. Bó ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, ó kọjá lórí etí kòtò ńlá kan. Lójijì, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ilẹ̀ ṣe jìn tó sọ fún un pé ilẹ̀ ti fi nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta jìn sí i. Òótọ́ lẹ̀rọ náà sọ. Àmọ́ wọ́n ti kọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà pé tí òǹkà kan bá ṣàdédé fò, kó má gbà á gbọ́, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń ṣe ségesège. Kọ̀ǹpútà bá pa ẹ̀rọ tì, ó ń bá ìṣirò tara rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìṣirò yẹn fi dé òdo, tó yẹ kí ọkọ̀ ti wà nílẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún ló ṣì kù. Ó ń rọra sọ̀kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń retí kí ẹsẹ̀ òun kanlẹ̀, títí epo fi tán nínú rẹ̀. Ó bá já.

Ti Mars Polar Lander, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, jọ èyí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde nígbà tó ṣì wà lókè, ẹsẹ̀ náà sì gbọ̀n. Àwọn tó ṣèwádìí gbà pé ohun tó ṣeé ṣe jù ni pé gbígbọ̀n yẹn ni kọ̀ǹpútà kà sí ilẹ̀, tó fi pa ẹ́ńjìnnì ní nǹkan bíi 40 mítà sókè. Schiaparelli ti ilẹ̀ Yúróòpù tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún 2016: ìṣirò rẹ̀ sọ fún un pé ó ti wọnú ilẹ̀ lọ, nígbà tó ṣì ku kìlómítà mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé kó dé ilẹ̀ Mars.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀rọ nìkan ló ń ṣe irú àṣìṣe yìí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1944, ní etíkun Omaha nílẹ̀ Faransé, àwọn ọkọ̀ kan gun òkìtì iyanrìn abẹ́ omi. Atukọ̀ rò pé etíkun lòun dé, ó já ilẹ̀kùn iwájú sílẹ̀. Àwọn sójà fò jáde pẹ̀lú ẹrù wúwo lẹ́yìn, wọ́n bọ́ sínú omi tó bo orí wọn.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Tarawa, nínú òkun Pàsífíìkì, ló máa ń dùn mí jù, torí pé wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà tó fẹ́ gba ibẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1943 ni. Àpáta iyùn yí erékùṣù Betio níbẹ̀ ká lábẹ́ omi, ọkọ̀ Higgins sì nílò omi tó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kó tó lè kọjá lórí rẹ̀. Ẹnì kan tó ti gbé ibẹ̀ rí sọ fún wọn pé òkun kò ní kún tó lákòókò yẹn. Wọ́n gbéra, òkun ò sì kún lóòótọ́. Àwọn ọkọ̀ há sórí àpáta, àwọn sójà bọ́ sómi, wọ́n sì fẹsẹ̀ wọ́ ọ kọjá fún nǹkan bíi 500 mítà lójú ìbọn àwọn ará Japan. Ọkọ̀ tó ní ṣéènì lẹ́sẹ̀ bíi ti táǹkì ogun rá kọjá lórí àpáta náà wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ kò tó. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ará Amẹ́ríkà ló kú nínú ìjà tí kò ju wákàtí 76 lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kó àwọn òmùwẹ̀ jọ tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ṣáájú ogun débẹ̀. Ní Saipan, erékùṣù mìíràn nínú òkun Pàsífíìkì, lọ́dún 1944, okùn ìpẹja tí wọ́n ta ní kókó ni wọ́n fi ń wọn omi náà, lójú ọ̀tá, kí ọkọ̀ kankan tó gbéra.

Ẹnìkan á ní kí ló dé tí àwọn ọkọ̀ òṣùpá ò kúkú lo páráṣúùtì. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òṣùpá kò ní atẹ́gùn tó máa gbá páráṣúùtì mú. Mars ní díẹ̀, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa, nítorí náà páráṣúùtì ọkọ̀ Perseverance ti Amẹ́ríkà, tó fẹ̀ ju mítà 21 lọ, ṣì fi í sílẹ̀ lórí eré nǹkan bíi 320 kìlómítà ní wákàtí kan, rọ́kẹ́ẹ̀tì ló parí iṣẹ́. Atẹ́gùn Venus wá ki débi pé àwọn ọkọ̀ Venera ti Soviet, láti orí Venera 9, já páráṣúùtì tiwọn dànù ní nǹkan bíi 50 kìlómítà sókè, wọ́n sì bára wọn nílẹ̀ láyọ̀.

Ọ̀rọ̀ 1969 wá kù. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ọkọ̀ ìgbà yẹn náà ṣubú. Nínú ọkọ̀ Surveyor méje tí Amẹ́ríkà rán lọ láàárín 1966 sí 1968, méjì ṣègbé, Soviet náà sì pàdánù ọ̀pọ̀ kí ọkọ̀ wọn Luna 9 tó balẹ̀ lóṣù Kejì ọdún 1966. Èyí tó yọrí nìkan la rántí. (Luna 25 tí wọ́n fi ń bú Rọ́ṣíà kò tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ bíbalẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 84 ló yẹ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi jó, ó jó fún 127. Íńdíà tó já lulẹ̀ lọ́dún 2019 sì balẹ̀ wẹ́rẹ́ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2023.)

Lẹ́yìn náà, òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà Eagle kò gbọ́n. Inú òkúta ràbàtà-ràbàtà ló ń gbé wọn lọ. Armstrong yọjú lójú fèrèsé, ó rí òkúta náà, ó gba ọkọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì fò ó kọjá lọ wá ibi títẹ́jú, títí epo tó kù fi dín ní ti ìṣẹ́jú kan. Hakuto-R ò lẹ́ni tó máa yọjú.

Síbẹ̀ wọn ò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ojú, nítorí eruku lè bo ilẹ̀, ó sì bò ó lóòótọ́. Lábẹ́ mẹ́ta nínú ẹsẹ̀ mẹ́rin Eagle, wọ́n so ọ̀pá tín-ínrín kan kọ́, ó gùn ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ, bí ọ̀pá tí atukọ̀ fi ń gún ìsàlẹ̀ odò wò. Bí ọ̀kan ṣe kanlẹ̀, iná búlúù kékeré kan tàn níwájú wọn, Aldrin sì kígbe pé ó ti tàn.