Ṣé dísìkì tó ń já lórí Linux ti kú ni?

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ó ti kú, kí n lọ ra òmíràn.” Háàdì dísìkì alágbèéká àbúrò mi ni wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ báyẹn. Lórí Windows 7 àtijọ́ tó wà nílé, geere ló ń ṣiṣẹ́. Lórí Linux, tó bá ti ń kó fáìlì ńlá sínú ẹ̀, á dúró gbagidi, á pòórá, á tún yọjú. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ní òkú ni. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní Linux ló ń ba dísìkì jẹ́, kó yáa fọ́ọ̀mátì ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi kernel, ọkàn Linux tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, léèrè nínú wọn.

Okùn la kọ́kọ́ pààrọ̀, torí iná tí kò tó máa ń fa irú ẹ̀: 500 mA ni ìlànà fi lélẹ̀ fún ojú USB 2.0, 900 mA fún 3.0, dísìkì tó ń yí sì lè fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń gbéra. Pàbó ló já sí. Mo ní kó tẹ sudo dmesg -w, àṣẹ tó ń fi ohun tí kernel ń sọ hàn, kó tún kó fáìlì. Kò pẹ́ tí kernel fi figbe ta: uas_eh_abort_handler, ó tún ní reset SuperSpeed USB device.

Ọ̀rọ̀ uas yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú. Nínú ike tí dísìkì wà, ṣíìpù kékeré kan ń ṣe ògbufọ̀ láàárín dísìkì àti USB. Èdè àtijọ́ ń gba iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. UAS, èdè tuntun, ń gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ pọ̀. Àwọn ṣíìpù kan á láwọn gbọ́ UAS, àfìgbà tíṣẹ́ bá pọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Windows 7 kò tiẹ̀ mọ UAS fúnra ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi síjà níbẹ̀.

lsusb, àṣẹ tó ń to ohun tó wà lójú USB, fún wa ní nọ́ńbà ṣíìpù náà, ẹ jẹ́ ká pè é ní abcd:1234. A fi usb-storage.quirks=abcd:1234:u kún ìlà GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT nínú /etc/default/grub, fáìlì ètò GRUB tó ń gbé Linux dìde, a tẹ sudo update-grub, a pa kọ̀ǹpútà, a tún tàn án. Lẹ́tà u yẹn ló ní kí kernel fi UAS sílẹ̀. Eré ẹ̀ dín díẹ̀, àmọ́ kò já mọ́.

Dísìkì tó ń kú lóòótọ́, ohùn ẹ̀ yàtọ̀: Medium Error lẹ máa rí nínú dmesg, Current_Pending_Sector, iye ibi tí dísìkì kò rí kà, á sì máa lọ sókè nínú smartctl, àṣẹ tó ń yẹ ìlera dísìkì wò. Ìyẹn, ẹ má fọ́ọ̀mátì ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí fsck, àṣẹ tó ń tún ètò fáìlì ṣe, fọwọ́ kàn án. Ẹ tètè fi ddrescue kó o sórí dísìkì mìíràn.