Ẹgbẹ́ Ẹ̀bá-Ọ̀nà: Ẹ Yéé Pè É Ní "Ẹgbẹ́ Kẹta"

Oṣù Keje ọdún 2025 ni Elon Musk kéde pé òun máa dá ẹgbẹ́ òṣèlú tuntun sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kò sì pẹ́ tí àwọn akọ̀ròyìn wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá ṣe bó ṣe wù wọ́n, níbi tí wọ́n ti ń túmọ̀ "third party", orúkọ tí òyìnbó ń pe ẹgbẹ́ èyíkéyìí tí kì í ṣe ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ńlá méjì Amẹ́ríkà, Republican àti Democrat. Ọ̀kan kọ "ẹgbẹ́ kẹta". Ọ̀kan kọ "ẹnìkẹta nínú òṣèlú". Èyí tó ya mí lẹ́nu jù kò tilẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú rárá: "tẹ́ẹ̀dì páàtì" ló kọ, ó fi àmì ohùn sí i dáadáa, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí èyí tó rọrùn bẹ̀rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá gbọ́ "tẹ́ẹ̀dì páàtì", ìwé mọ́tò ló máa sọ sí i lọ́kàn: ìnṣọ́ránsì 15,000 náírà tí àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lójú pópó láti oṣù Kejì ọdún 2025. Kí ni ìyẹn fẹ́ bá Musk dà pọ̀? "Ẹnìkẹta" náà kò sàn jù ú lọ. Ẹnìkẹta ni ẹni tó kó sáàárín tọkọtaya, tàbí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn tó wá ń dá sí i. Àwọn tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, ìbò ni wọ́n sì wá gbà.

"Ẹgbẹ́ kẹta" ló ń bí mi nínú, torí pé ó jọ òótọ́. Bí a bá ní kẹta, a ti kà á nìyẹn: ọ̀kan, méjì, ẹ̀ta. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kà á. Ní ọdún 1912, Theodore Roosevelt, tó ti ṣe ààrẹ rí, bá ẹgbẹ́ ẹ̀, Republican, jà, ó lọ dá ẹgbẹ́ Progressive sílẹ̀, ó sì díje. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Woodrow Wilson ti ẹgbẹ́ Democrat ló wọlé, Roosevelt ṣe ìkejì pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún, ààrẹ tó wà lórí àléfà gan-an, William Howard Taft ti ẹgbẹ́ Republican, ló ṣe ìkẹta. Ta wá ni ẹgbẹ́ kẹta níbẹ̀? Ẹ tún wo ìdìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀ Maine lọ́dún 2010. Paul LePage ti Republican wọlé pẹ̀lú ìbò tí kò tó ìdá 38, Eliot Cutler tó dá dúró láìní ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn ẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n, Libby Mitchell ti ẹgbẹ́ Democrat ló gbé ẹ̀yìn, ìbò tiẹ̀ kò tó ìdá 20. (Pé Cutler ò ní ẹgbẹ́, tí Roosevelt sì ní, ìyàtọ̀ yẹn kò jẹ́ nǹkan kan fún ohun tí mò ń sọ.) Ká tiẹ̀ gbé ìyẹn tì, Libertarian wà ńlẹ̀, Green wà ńlẹ̀, Constitution wà ńlẹ̀, a ò tíì dé ibi àwọn ẹgbẹ́ tí kò ju ìpínlẹ̀ kan lọ. Èwo nínú wọn ni ìkẹta, èwo ni ìkeje?

Ohun tí èmi ń pè é ni ẹgbẹ́ ẹ̀bá-ọ̀nà. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá méjì ló wà lójú títì; àwọn yòókù, ì báà jẹ́ mẹ́ta tàbí ọgbọ̀n, ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n dúró sí. Ọ̀rọ̀ yìí ń sọ ibi tí wọ́n wà, kò ka iye wọn, kò sì sọ bí wọ́n ṣe tóbi tó.

Olùkọ́ èdè kan tí a jọ máa ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí sọ pé àbùkù ni orúkọ tèmi, pé bí ìgbà tí a ń pe àwọn èèyàn ní oníṣòwò orí ilẹ̀ ló rí. Ó ní "ẹgbẹ́ kéékèèké" ló tọ́. Mo bi í pé ṣé ó mọ iye ìbò tí Ross Perot, olówó tó díje fún ipò ààrẹ láìní ẹgbẹ́, ní lọ́dún 1992? Ó lé ní mílíọ̀nù 19, ìyẹn ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún, ká sọ pé nínú olùdìbò márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ tiẹ̀. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní kékeré, kó fi ńlá hàn mí. "Ẹgbẹ́ alátakò" tí ẹlòmíràn dá lábàá ti ní olówó tẹ́lẹ̀: ẹgbẹ́ Democrat ni alátakò nígbà tí Republican bá ń ṣèjọba, bí wọ́n bá sì pààrọ̀ ipò, orúkọ náà á bá wọn pààrọ̀. Mo ti ronú kan "ẹgbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà" rí, mo jù ú nù, nítorí ẹ̀yin tí ẹ kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnìkan tún kọ ẹ̀bá mi láìfi àmì sí i, ó wá ń bi mí pé ọbẹ̀ wo ni wọ́n fi ń jẹ ẹgbẹ́ náà.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí wọ́n fi wà ní ẹ̀bá ọ̀nà.

Ẹni tó ń lọ Ìbàdàn dé gáréèjì láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ọkọ̀ mẹ́ta ló bá níbẹ̀. Méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún: ìjókòó ọ̀kan ti ya, kọ̀ndọ́ ìkejì ń bú èrò bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ìkẹta mọ́ tónítóní, ẹ̀rọ amúlétutù inú ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, dẹ́rẹ́bà ẹ̀ ń kí gbogbo èèyàn, àmọ́ èèyàn méjì péré ló jókòó síbẹ̀. (Ẹ má fi "ìkẹta" tí mo kọ yìí gbá mi mú, ọkọ̀ ni mo kà, mi ò ka ẹgbẹ́.) Gbogbo èrò ló yọjú wò ó, wọ́n yìn ín, wọ́n sì padà lọ há ara wọn mọ́ inú èyí tí ìjókòó ẹ̀ ti ya, torí ọkọ̀ tó bá kún ló ń gbéra. Kò sẹ́ni tó kórìíra ọkọ̀ tó mọ́ yẹn. Oníkálukú kàn ń rò ó pé àwọn yòókù ò ní wọ̀ ọ́ ni, àwọn yòókù náà sì ń rò bẹ́ẹ̀ nípa tiẹ̀. Títí oòrùn fi kan àtàrí, ẹ̀bá ọ̀nà ló wà.

Ọmọ Faransé kan, Maurice Duverger, ti gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ láti ọdún 1951: níbi tí ipò bá ti jẹ́ ẹyọ kan, tí ẹni tí ìbò ẹ̀ pọ̀ jù bá ti gbé e lọ láìsí àtúndì, ẹgbẹ́ méjì ni òṣèlú ibẹ̀ sábà máa ń dín kù sí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti bá a jiyàn lóríṣiríṣi láti ìgbà náà, wọ́n fi Kánádà àti Íńdíà ta kò ó. Amẹ́ríkà ni mò ń sọ ní tèmi, ibẹ̀ sì bá a mu wẹ́kú.

Ti ipò ààrẹ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn aṣojú-dìbò, ìyẹn àwọn tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń yàn láti dìbò yan ààrẹ lórúkọ ará ìlú. (Ẹni tó bá tún pè wọ́n ní "Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìdìbò" níwájú mi, màá bi í pé ta ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà.) 538 ni wọ́n, ẹni tó bá fẹ́ di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní 270. Ní ìpínlẹ̀ 48, ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ló ń kó gbogbo aṣojú-dìbò ibẹ̀ lọ pátápátá. Maine àti Nebraska nìkan ló ń pín in. Perot tó ní mílíọ̀nù 19, ó ṣe ìkejì ní ìpínlẹ̀ méjì kan, kò ṣe ipò kìíní níbì kankan. Iye aṣojú-dìbò tó rí gbà jẹ́ òdo. George Wallace, ẹni tó fi kí dúdú má bá funfun dà pọ̀ ṣe ìpolongo, kò ní tó mílíọ̀nù 10 ìbò lọ́dún 1968, síbẹ̀ aṣojú-dìbò 46 ló ní. Àwọn tiẹ̀ kóra jọ sójú kan ní ìhà gúúsù, ó mú ìpínlẹ̀ márùn-ún. Àwọn ti Perot fọ́n káàkiri orílẹ̀-èdè bí iyọ̀ inú omi òjò. Bí kò bá wá sẹ́ni tó dé 270, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ló máa yan ààrẹ, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan á sì ní ìbò ẹyọ kan. Ta ló kún inú ilé náà? Àwọn ẹgbẹ́ méjì yẹn náà ni.

Ọ̀rọ̀ míì tí wọ́n tún ń tú ní ìtúkútùú ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe olùdíje ẹ̀bá-ọ̀nà tó fa ìbò ya mọ́ ẹgbẹ́ ńlá kan lọ́wọ́. "Abanǹkanjẹ́" ni wọ́n ń kọ, bí ẹni pé ó lọ gé wáyà iná mànàmáná. Adínbòkù ni. Ní Florida lọ́dún 2000, ìbò 537 ni George W. Bush ti Republican fi borí Al Gore ti Democrat, ìpínlẹ̀ yẹn nìkan ló sì sọ ọ́ di ààrẹ. Ralph Nader ti ẹgbẹ́ Green ní ìbò 97,488 níbẹ̀. Títí di òní, àwọn ará ẹgbẹ́ Democrat kò tíì dárí jì í. Nader ní kò sí ìbò tó jẹ́ dúkìá Gore tẹ́lẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ọdún 2000 yẹn ló ń lé olùdìbò padà sínú ọkọ̀ tó ti ya títí di àsìkò yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ rántí SDP àti NRC, ẹ má fi ìyẹn wé èyí. Babangida ló fi àṣẹ dá méjì yẹn sílẹ̀ lọ́dún 1989 tó ní kò gbọdọ̀ sí òmíràn. Ní Amẹ́ríkà, kò sí òfin tó ní méjì péré. Ìdènà tó wà níbẹ̀ kì í pariwo: ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye ìbuwọ́lùwé tí ẹgbẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ kó jọ kí orúkọ ẹ̀ tó jáde lórí ìwé ìdìbò, àwọn tó sì ń ṣe òfin náà, ọmọ ẹgbẹ́ méjì ọ̀hún ni wọ́n. Fún ìtàkúrọ̀sọ orí tẹlifíṣọ̀n, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìwádìí èrò ará ìlú ni wọ́n ń béèrè láti ọdún 2000, ẹnìkankan láti ẹ̀bá ọ̀nà kò sì tíì dé ibẹ̀. Robert Kennedy Kékeré sún mọ́ ọn díẹ̀ lọ́dún 2024, wọn ò jẹ́ kó wọlé, nígbà tó di oṣù Kẹjọ ó pa ìpolongo tì, ó lọ ń ṣe ti Trump.

Ibi tó yẹ kí àwọn tó retí owó Musk wò nìyẹn. Perot lówó, ó sì ná an. Owó kọ́ ló ń kún ọkọ̀.

Ẹgbẹ́ ẹ̀bá-ọ̀nà kan ti wọ ojú títì rí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdún 1854 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Republican fúnra ẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹrú fọ́ ẹgbẹ́ Whig, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ńlá méjì ìgbà náà, sí wẹ́wẹ́ tí àyè sì ṣí sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà Abraham Lincoln wọlé pẹ̀lú ìbò tí kò tó ìdá 40, torí olùdíje mẹ́rin ló pín in. Mi ò rí èyí tó ń fọ́ bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì báyìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tí inú ń bí kò wulẹ̀ dúró sí ìta mọ́. Ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ńlá ṣí sílẹ̀ fún un, inú ibẹ̀ ló ń gbà wọlé láti já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà. Donald Trump kọ́kọ́ yọjú sí ẹgbẹ́ Reform tí Perot dá sílẹ̀, nítorí ìbò ọdún 2000, ó wò ó, ó kúrò níbẹ̀. Republican ló gbà wọlé lọ́dún 2016. Bernie Sanders tó ń pe ara ẹ̀ ní aládàádúró láti Vermont, ẹ̀ẹ̀mejì tó fẹ́ di ààrẹ, ìbò abẹ́lé Democrat ló lọ dù.

Tàbí kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá gba ẹrù ẹ lọ́wọ́ ẹ, kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀. Àwọn ará ẹgbẹ́ Populist mú aṣojú-dìbò 22 lọ́dún 1892, wọ́n ń béèrè owó orí tí yóò máa ga bí owó èèyàn bá ṣe ń ga, àti kí ará ìlú máa fúnra wọn dìbò yan sẹ́nétọ̀. Lọ́dún 1896 wọ́n gba olùdíje Democrat mọ́ra gẹ́gẹ́ bí tiwọn, ẹgbẹ́ Populist sì rọ. Owó orí àti ìbò sẹ́nétọ̀ di àtúnṣe òfin Amẹ́ríkà lọ́dún 1913, nígbà tí kò sí ẹgbẹ́ Populist mọ́ tí yóò gba ìyìn ẹ̀.

Bí ìrètí bá wà, inú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ìbò ló wà. Ohun tí mò ń pè ní ìbò ààyò-tẹ̀lé-ààyò ni: o yan ẹni tó wù ọ́ jù, o yan ẹni tó tẹ̀ lé e, bí ẹni àkọ́kọ́ bá já, ìbò ẹ á bọ́ sọ́dọ̀ ẹnìkejì. Ìbínú lórí irú ìbò LePage wà lára ohun tó jẹ́ kí Maine gbà á lọ́dún 2016. (Ilé ẹjọ́ wá ní ó ta ko òfin ìpínlẹ̀ náà fún ìdìbò gómìnà gan-an.) Lọ́dún 2018, Bruce Poliquin ti Republican ló ṣíwájú níbi kíkà àkọ́kọ́ ìbò sí ilé aṣojú-ṣòfin ní ẹkùn kejì, nígbà tí wọ́n pín ààyò kejì àwọn tó dìbò fún aládàádúró méjì tó kù, Jared Golden ti Democrat ló wọlé. Poliquin lọ sílé ẹjọ́, kò rí i gbà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹgbẹ́ ńlá ṣì ló jẹ ẹ́. Ètò yìí ń mú ẹ̀rù adínbòkù kúrò lọ́kàn olùdìbò, kò tíì gbé ẹgbẹ́ ẹ̀bá-ọ̀nà kankan wọlé sí Washington.

Àwọn olùdìbò pàápàá kò sì sáré gbà á. Lọ́dún 2024 wọ́n kọ̀ ọ́ ní Colorado, ní Idaho, ní Nevada, ní Oregon, Missouri fòfin dè é. Ní Alaska tí wọ́n ti ń lò ó láti ọdún 2022, wọ́n dìbò bóyá kí wọ́n pa á rẹ́, ìbò tí kò tó ẹgbẹ̀rún kan ló gbà á sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n tún un kà.