Hẹ́dífóònù fún ibi iṣẹ́ àti ilé: ṣé dandan ni áńpílífáyà?

Ọ̀rọ̀ hẹ́dífóònù kì í le títí di ọjọ́ tí èèyàn bá fẹ́ ra èyí tó dáa. Ọjọ́ náà ni wọ́n á máa ka óòmù, dẹ̀síbẹ̀lì, DAC àti áńpù (ìyẹn áńpílífáyà, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún iná tó ń lọ sínú hẹ́dífóònù) sí i létí, tí ọ̀rọ̀ á sì dojú rú. Àwọn ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù nìyí, pẹ̀lú èsì tí mo máa ń fún àwọn tó bá bi mí.

Ìbéèrè: Mo ra hẹ́dífóònù olówó gọbọi, mo so ó mọ́ fóònù mi, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè tó ti íyàpíìsì lásán. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má lù yín ní jìbìtì. Nínú ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù, wáyà tínínrín kan wà tí wọ́n ká jọ, iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló sì ń mi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbé ohùn jáde. Bí wáyà náà ṣe ń dènà iná tó la ń fi óòmù wọ̀n. Àwọn tí wọ́n ṣe fún fóònù sábà máa ń wà láàárín óòmù 16 sí 32. Àwọn tí wọ́n ṣe fún ibi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Óòmù 300 ni Sennheiser HD 600 tó jáde lọ́dún 1997. Beyerdynamic DT 770 Pro tilẹ̀ wà ní óòmù 32, 80 àti 250, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ojú kò sì fi bẹ́ẹ̀ lè dá wọn mọ̀. Ẹni tó bá ra ti 250 láìka ohun tó wà lára páálí, tó wá so ó mọ́ fóònù, á ní ọjà náà ò dáa.

Ọ̀pọ̀ fóònù, àti okùn USB-C kékeré tí wọ́n fi ń so hẹ́dífóònù mọ́ wọn, kò lè gbé ju nǹkan bíi fóltì 1 jáde. Nínú hẹ́dífóònù olóòmù 32, fóltì kan yẹn á di agbára tó tó nǹkan bíi mílíwáàtì 31. Nínú ti olóòmù 300, mílíwáàtì 3 àti díẹ̀ péré ni.

Ìbéèrè: Ìyẹn ni pé bí óòmù bá ti kéré, kò sí wàhálà mọ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Nọ́ńbà kejì wà, tí wọ́n ń fi dẹ̀síbẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) kọ, tó ń sọ bí ohùn hẹ́dífóònù ṣe máa ròkè tó bí ẹ bá fún un ní ìwọ̀n iná kan. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ fún mílíwáàtì 1, àwọn mìíràn máa ń kọ ọ́ fún fóltì 1. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà ti ọ̀kan wé ti èkejì láìṣírò, torí ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. HiFiMAN HE-6 kò ju óòmù 50 lọ, síbẹ̀ gbogbo àwọn tó fẹ́ràn hẹ́dífóònù ló mọ̀ ọ́n sí alágídí, nítorí dẹ̀síbẹ̀lì 83.5 péré ló ń mú jáde fún mílíwáàtì 1. HD 600 ní tiẹ̀ ń mú dẹ̀síbẹ̀lì 97 jáde fún fóltì 1. Bí ẹ bá ṣírò ti HE-6 fún fóltì 1, nǹkan bíi 96.5 ni yóò jẹ́, àwọn méjèèjì wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Níbo wá ni agídí yẹn wà? Nínú iná tí wọ́n ń fà ni. Ní fóltì 1 yẹn, mílíámù (ìwọ̀n bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) 20 ni HE-6 máa fà, nígbà tí HD 600 kò ní fà ju mílíámù 3 àti díẹ̀ lọ. Ìlọ́po mẹ́fà nìyẹn, ibẹ̀ sì ni fóònù ti máa ń rẹ̀. Hẹ́dífóònù kan lè fẹ́ fóltì, òmíràn lè fẹ́ iná tó pọ̀, áńpù tó bá ọ̀kan lára mu lè má bá èkejì mu.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó gba ìpolówó ọjà gbọ́: bí agbára bá di ìlọ́po méjì, dẹ̀síbẹ̀lì 3 péré ló ń fi kún ohùn. Kí etí tó gbọ́ ọ bíi pé ohùn ti di méjì, ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi dẹ̀síbẹ̀lì 10 lọ sókè, ìlọ́po mẹ́wàá agbára nìyẹn sì ń gbà. Áńpù tí wọ́n ní agbára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan bàbàrà.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá mo nílò áńpù kí n tó náwó?

Ìdáhùn: Ẹ jókòó síbi tó pa rọ́rọ́. Ẹ fi orin kan sí i tó máa ń lọ sílẹ̀ gan-an, tó sì máa ń ròkè lójijì. Ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè títí yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn. Bí àyè bá ṣì kù kí ẹ tó dé òpin, ẹ fi owó yín sápò. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti tì í dé òpin tí etí yín ṣì ń wá sí i, tàbí tí ohùn ń ya níbi tí orin ti ròkè, áńpù á wúlò fún yín.

Ìkìlọ̀ kan: ohun tó bá fi díẹ̀ dún ju èkejì lọ ni etí máa ń pè ní èyí tó dáa jù. Àwọn tó ń tajà mọ èyí dáadáa. Tí ẹ bá fẹ́ fi áńpù kan wé fóònù yín, ẹ kọ́kọ́ mú ohùn àwọn méjèèjì dọ́gba, kí ẹ tó sọ pé ẹ gbọ́ ìyàtọ̀. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa áńpù tó “la ohùn lójú” kò lè yege ìdánwò yìí.

Ìbéèrè: Tó bá wá di dandan, kí ni kí n wò lára áńpù?

Ìdáhùn: Ẹ wo óòmù ẹnu ihò tí a ń ki hẹ́dífóònù bọ̀. Nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ olùtajà kì í polówó nìyẹn. Kó má ṣe ju ìdá kan nínú mẹ́jọ óòmù hẹ́dífóònù yín lọ. Fún hẹ́dífóònù olóòmù 32, kó má ju 4 lọ. Ìdí ni pé óòmù hẹ́dífóònù kì í dúró sójú kan. Ti HD 600 máa ń ga ju 300 lọ dáadáa ní apá ibi tí bẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ohùn tó nípọn, wà. Bí óòmù áńpù náà bá tún pọ̀, bẹ́ẹ̀sì á wú, orin á sì yàtọ̀ sí bí ẹni tó ṣe hẹ́dífóònù náà ṣe fẹ́ ẹ. Íyàpíìsì tó ní agbóhùnjáde méjì, mẹ́ta nínú ẹyọ kan ni èyí máa ń bà jẹ́ jù.

Ìbéèrè: DAC ńkọ́?

Ìdáhùn: DAC ló ń sọ nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà di iná. Ọ̀kan ti wà nínú ohun èlò yín tẹ́lẹ̀. Àyàfi bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo ṣíṣì-ṣíṣì tàbí híhù lábẹ́ orin láti inú kọ̀ǹpútà yín, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó wà lókè nínú ohun tí ẹ máa náwó sí.

Ìbéèrè: Ṣé hẹ́dífóònù kan lè ṣe ti ibi iṣẹ́ àti ti ilé?

Ìdáhùn: Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ibi méjèèjì á jìyà. Oríṣi méjì ni hẹ́dífóònù: ẹ̀yìn àwọn kan pa dé, ti àwọn mìíràn ṣí sílẹ̀ bí asẹ́. Sennheiser HD 414, tó jáde lọ́dún 1968, ló ṣáájú àwọn tó ṣí sílẹ̀. Orin máa ń fẹ̀ nínú wọn, etí kì í sì tètè móoru. Àmọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń gbọ́ ni ẹni tó jókòó tì yín náà ń gbọ́, ẹ̀yin náà á sì máa gbọ́ tirẹ̀. Ẹ má gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí èèyàn pọ̀ sí. Ibẹ̀, ẹ lo èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ pa dé, tó fúyẹ́, tí tìmùtìmù rẹ̀ kò ní fún yín lórí. Bó ṣe rọrùn lórí fún wákàtí mélòó kan jẹ mí lógún ju bí ohùn rẹ̀ ṣe rí ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ lọ.

Ìbéèrè: Mo ra èyí tó ń pa ariwo, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ketekete.

Ìdáhùn: Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fà á. Máíkì ara rẹ̀ ń gbọ́ ariwo ìta, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á sì gbé ìgbì tó dojú kọ ariwo náà jáde, kí méjèèjì lè pa ara wọn. Ó mọ ariwo tó nípọn, tó ń lọ bákan náà, pa dáadáa, bíi ti ẹ́ńjìnnì àti fáànù. Inú ọkọ̀ òfuurufú náà kúkú ni Amar Bose, ẹni tó dá iléeṣẹ́ Bose sílẹ̀, wà lọ́dún 1978 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń tínrín jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń yí padà kíákíá. Tìmùtìmù tó bo etí dáadáa ló ń dènà èyí, nítorí náà ẹ wo bó ṣe jókòó sí etí yín, pàápàá bí ẹ bá ń lo gíláàsì.

Ìbéèrè: Ṣé áńpù lè tún ohùn hẹ́dífóònù Bluetooth mi ṣe? Bí ìpàdé bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń bàjẹ́.

Ìdáhùn: Kò lè ràn án lọ́wọ́. DAC àti áńpù ti wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà ló ń gbà láti inú afẹ́fẹ́. Ti ìpàdé yẹn, máíkì ló fà á. Ọ̀nà tí Bluetooth tó wọ́pọ̀ fi ń gbé orin kì í gbé ohùn yín padà. Bí ẹ bá ti tan máíkì hẹ́dífóònù náà, á bọ́ sí ọ̀nà ìpè fóònù, tí kò dára tó ti orin rárá. Ẹ lọ sínú ètò kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ yan máíkì ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ohùn hẹ́dífóònù yín á sì padà bọ̀ sípò. Bluetooth tuntun tí wọ́n ń pè ní LE Audio ti ń yanjú èyí, bí ohun èlò méjèèjì bá ní in.

Ìbéèrè: Báwo ni ohùn ṣe lè pọ̀ tó kó má ba etí mi jẹ́?

Ìdáhùn: Òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé ni dẹ̀síbẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bó bá di 90, wákàtí 4 péré lọ́sẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń fi hẹ́dífóònù ṣiṣẹ́ ní 80 fún wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ti ná gbogbo ìpín rẹ̀ tán kó tó délé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ti ibi iṣẹ́ lọ sílẹ̀, kí ẹ lè ráyè gbádùn ti ilé. Bí ẹ bá sì ti ní áńpù tó lágbára, ẹ yí ohùn rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó ki íyàpíìsì kékeré bọ̀ ọ́, torí ohun tó tọ́ sí hẹ́dífóònù olóòmù 300 lè di ariwo burúkú nínú ihò etí.