Ojú Áàpù Kì Í Ṣe Ẹrù Tí À Ń Dì

Alhaji kan tó ní ilé-kéwú lẹ́bàá Ọjà Ọba, n'Ílọrin níbí, ló pè mí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ọmọ àti owó iléèwé sílẹ̀ ti dàgbà. Microsoft ṣíwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ò sì lè gbé Windows 11. Mo ní ká fi Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sí wọn. Alhaji ní: “Ó dáa, áàpù wa náà ńkọ́? Ṣáà dà á sínú fláàṣì, kóo gbé e wá.”

Kò rí bẹ́ẹ̀. WPF, irinṣẹ́ Microsoft fún ṣíṣe ohun tí èèyàn ń rí lójú áàpù, ni wọ́n fi ṣe ojú áàpù náà, Windows nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́ lé lórí láti 2006 tó ti jáde. Avalonia, irinṣẹ́ mìíràn tó jọ ọ́, ni mo fẹ́ kó ojú áàpù náà lọ, torí òun ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ XAML làwọn méjèèjì fi ń júwe ibi tí bọ́tìnnì àti àpótí ìkọ̀wé máa wà. Ẹni tó bá wò wọ́n fìrí á ní ìkan náà ni. Àmọ́ bí ará Òmù-Àrán tó ń sọ Ìgbómìnà fọ́mọ Ìlọrin ni: wọ́n á máa gbọ́ra wọn yé lọ, títí ọ̀rọ̀ kan á fi bọ́, tí ẹnì kejì á ní “kí lẹ wí?”

Yíyí orúkọ fáìlì padà sí .axaml àti pípààrọ̀ àdírẹ́sì tó wà lókè rẹ̀ ò le rárá. Ohun tó jọra tí kì í ṣe ìkan náà ló ń gbani lákòókò. Nínú WPF, èèyàn lè fi nǹkan pamọ́ lọ́nà méjì: Hidden, tí àyè rẹ̀ á ṣófo sílẹ̀ dè é, àti Collapsed, tí àwọn yòókù á sún gba àyè rẹ̀. IsVisible nìkan ni Avalonia ní. Bó bá ti di False, àyè lọ nìyẹn. Mo jẹyán rẹ̀ níṣu rí níbòmíì. Bọ́tìnnì mẹ́ta tò tẹ̀léra: gbowó, tẹ rìsíìtì, pa á rẹ́. Ọmọ tó bá ti sanwó tán, “gbowó” á pòórá, ni “pa á rẹ́” bá sún wá síbi tí “tẹ rìsíìtì” máa ń wà. Akọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ibẹ̀ pa orúkọ ọmọ mẹ́rin rẹ́ kó tó ké sí mi. Ní báyìí, Opacity, ìyẹn bí nǹkan ṣe hàn tó, ni mo máa ń sọ di 0, màá sì pa IsHitTestVisible rẹ̀ kí klíìkì má lè bà á.

Trigger tí WPF fi ń pa bọ́tìnnì láwọ̀ dà tí máòsì bá dé orí rẹ̀ kò sí nínú Avalonia. A ó tún un kọ pẹ̀lú :pointerover, àmì tí Avalonia fi ń mọ̀ pé máòsì wà lórí nǹkan. Fọ́ǹtì Windows náà ò sí lórí Linux, nítorí náà inú áàpù gan-an ni mo ń kó fọ́ǹtì sí, èyí tó mọ àmì ohùn orí ẹ́ àti ọ̀, tó sì mọ lẹ́tà Lárúbáwá.

Ìṣirò owó ò ní yí padà, bí ẹni tó kọ áàpù náà ò bá ti pò ó mọ́ ojú rẹ̀. Bó bá pò ó, owó iṣẹ́ á lé sí i, mo sì sọ fún Alhaji kí n tó gba kọ́bọ̀.

Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbowó. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wá orúkọ ọmọ, kí ti àtijọ́ ṣì máa gbowó lọ lórí kọ̀ǹpútà kan. Bí nǹkan bá yẹ̀ lọ́wọ́ mi níbẹ̀, owó ẹnikẹ́ni ò ní sọnù.